Òkè Obudu: Ṣé pápákọ̀ òfurufú ni yóò mú àwọn arìnrìnàjò afẹ́ padà?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òkè Obudu láti ìlú Calabar ní ọ̀nà tó ju 300 kìlómítà lọ níwájú. Yóò gba Ikom àti Ogoja kọjá, bó bá sì dé ẹsẹ̀ òkè, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó lọ́ mọ́ ara òkè bí ejò ṣì ń dúró dè é. Ibùdó ìgbafẹ́ náà ga tó 1,576 mítà sí ojú òkun. Òtútù ibẹ̀ ló fa àwọn ará Scotland tó dá ọgbà màlúù sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1951, òun náà ló sì ń fa àwọn arìnrìnàjò afẹ́ títí di òní.

Jíjìn ọ̀nà yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú tán nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Cross River. Nígbà ìjọba Donald Duke, láàárín 1999 sí 2007, wọ́n tún ibùdó náà ṣe, wọ́n ta ọkọ̀ orí wáyà láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, ìdíje eré sísá gun òkè sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Pápá kékeré tó wà ní Bebi, tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè, ni bàálù kékeré ń bà sí. Gómìnà Ben Ayade, tó jẹ́ ọmọ bíbí Obudu, kò fẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pápákọ̀ òfurufú ńlá fún èrò àti ẹrù ní Obudu. Ibùdó ìgbafẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Obudu, Obanliku ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Obudu ló gba orúkọ. Ayade kúrò lórí àléfà ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, láìsí iléeṣẹ́ bàálù kankan tó ń ná pápákọ̀ náà déédéé.

Àwọn tó fara mọ́ iṣẹ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn: ilẹ̀ àgbẹ̀ ni àríwá Cross River, ó sì yẹ kí irè oko rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n iṣu àti gbágùúdá wúwo ju owó wọn lọ. Ọkọ̀ àjàgbé lójú títì tó dára ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí èrè yóò fi kù fún àgbẹ̀.

Ti èrò ńkọ́? Bí bàálù oníjòkòó 120 bá ń bà lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, èrò 840 ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà ọdún Kérésì àti ìgbà ìdíje lè mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá. Ta ni yóò kún ìjókòó náà ní oṣù Keje, nígbà tí òjò bá ń dà? Àjọ FAAN tó ń mójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú ìjọba àpapọ̀ ti sọ léraléra pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń pa owó tó tó bọ́ ara rẹ̀.

Ààbò tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2008, bàálù kékeré kan gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Bebi. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò débẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i, àfi ìgbà tó ju oṣù márùn-ún lọ tí àwọn ọdẹ ṣalábàápàdé àwókù rẹ̀ nínú igbó lórí òkè. Ìkùukùu àti ọyẹ́ máa ń bo àwọn òkè wọ̀nyí, igbó wọn sì dí débi pé bàálù lè sọnù sínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí nìkan kò tó níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò darí awakọ̀ wálẹ̀ nígbà tí kò bá ríran, àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, ni owó ń lọ sí lọ́dọọdún.

Ní Victoria Falls, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, ìjọba yá 150 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ China láti mú pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ gbòòrò, wọ́n sì ṣí i ní 2016. Ṣùgbọ́n ojú irin ti dé ìdí omi náà láti 1904. Èrò ti pọ̀ kí pápákọ̀ tó tóbi.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ Gómìnà Bassey Otu, tó jogún iṣẹ́ náà. Iye tí yóò parí rẹ̀ àti iye tí yóò tún ọ̀nà Calabar sí Ogoja ṣe, àpò kan náà ni wọ́n ń wò. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ọlọ́jà àti aláìsàn Obanliku ń gbà, yálà àlejò wá tàbí kò wá.