Gáàsì kọ́ ni oògùn gbogbo àìsàn éèsì ọkọ̀

Bí éèsì ọkọ̀ bá ṣíwọ́ títutù ní ìlú Èkó, ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e kò ju ẹyọ kan lọ: oníṣẹ́ éèsì yóò fa rọ́bà jáde, yóò rọ gáàsì sí i, yóò sì gba owó rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ooru yóò tún dé, tí onímọ́tò yóò sì tún padà lọ bá a.

Gáàsì éèsì kò dà bí epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni ó ti ń yí ká. Bí ó bá dínkù, ó ń jò ni; ẹni tí ó bá sì rọ òmíràn lé e láìwá ibi tí ó ti ń jò, inú afẹ́fẹ́ ni ó ń da owó oníbàárà sí. R-134a tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kì í sì ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa jò káàkiri: láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò 1,300 èéfín kábọ́ọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, gáàsì kò jò rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń gba èbúté wọlé ni ó ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ AUTO sí. Irú éèsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Cadillac ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà láti 1964. Awakọ̀ kàn ń yan ìwọ̀n tí ó fẹ́, bíi 22. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni yóò pinnu ìyókù, ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sì sọ fún un ni yóò gbàgbọ́. Bí sẹ́ńsọ̀ bá purọ́, éèsì yóò ṣìṣe, ìbáà jẹ́ pé gáàsì pé pérépéré.

Ọ̀kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá gíláàsì iwájú: kóró dúdú kékeré kan tí ń wo oòrùn. Orí rẹ̀ gan-an ni àwọn kan ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírun sí, tàbí kí wọ́n gbé páálí tíṣù lé. Ọkọ̀ yóò rò pé abẹ́ ibòji ni òun wà, kò sì ní tutù tó bí ó ṣe yẹ lọ́sàn-án gangan. Òmíràn ń wọn ooru inú ọkọ̀. Eruku ni ọ̀tá tirẹ̀. Èyí tí wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù ni ti ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú, tí ń wọn ooru ìta. Bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, tí pánẹ́ẹ̀bítà sì tú bọ́ńpà, ó lè gbàgbé láti so wáyà rẹ̀ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà yóò ka wáyà tí ó já yẹn sí òtútù yìnyín, kò sì ní jẹ́ kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́. Òtútù yìnyín, ní Òṣòdì, nínú oṣù kẹta! Kò sí gáàsì tí ó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí ènìyàn bá tẹ AUTO pọ̀ mọ́ bọ́tìnì tí ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ká, tí ó sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, nọ́ńbà yóò jáde: 11 fún sẹ́ńsọ̀ inú, 12 fún ti ìta, 21 fún ti oòrùn. (21 lè jáde lásán lábẹ́ àtíbàbà oníṣẹ́, nítorí oòrùn kò sí níbẹ̀.) Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kò tọ́ láti dá oníṣẹ́ éèsì nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ tirẹ̀ nígbà tí éèsì kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Onímọ́tò náà lọ́wọ́ sí i: inú rẹ̀ dùn láti sanwó gáàsì tí ó fojú rí, ṣùgbọ́n yóò bá ẹni tí ó wulẹ̀ so wáyà kan padà jà lórí owó iṣẹ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì fi kíka nọ́ńbà wọ̀nyí kún ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, kí onímọ́tò sì máa san owó àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fa rọ́bà gáàsì jáde.