Ọ̀dà Márùn-ún Ti Tó

Èmi kì í ṣe ayàwòrán. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ní àsìkò ìsinmi tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àwòrán kíkùn fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Àkójọ ohun èlò tí òbí kọ̀ọ̀kan yóò rà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lórí ọ̀dà akirílíìkì ni. Ó ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí àwọn òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tí wọn yóò béèrè lọ́jà.

Oríṣi ọ̀dà 24 ni ó wà nínú àkójọ náà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì 12. Mo bẹ̀rẹ̀. Funfun rọrùn, dúdú rọrùn, pupa rọrùn. Kí n tó dé ìdajì, mo ti ń kọ "pupa bí àgbálùmọ̀" àti "pupa bí amọ̀". Mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo pè é.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kò ṣeé pò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ṣeé pò, Dókítà. Ní ọjọ́ kejì ni màá kọ́ wọn ní pípò."

Ìdáhùn yẹn ni ó bí ọ̀rọ̀ òní. Bí a óò bá kọ́ ọmọ ní pípò ní ọjọ́ kejì, kí ni ìdí tí òbí rẹ̀ yóò fi ra àwọ̀ tí ẹlòmíràn ti pò tán ní ọjọ́ kìn-ín-ní? Ọmọ tí owó ilé wọn kò ká 24 ńkọ́? Ilé ni yóò jókòó sí.

Èrò tèmi ni pé ọ̀dà márùn-ún ti tó: funfun, dúdú, pupa, ìyeyè àti aró. Kí ti funfun tóbi ju àwọn yòókù lọ, nítorí òun ni ó máa ń kọ́kọ́ tán. Kí pupa má ṣe jẹ́ èyí tí ó fà sí epo pupa, nítorí irú rẹ̀ ti ní ìwà ìyeyè nínú. Bí ó bá pàdé aró, àwọ̀ ẹrẹ̀ ni wọn yóò bí dípò elésè àlùkò.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ mi ní èyí. Ní ọdún 1969, Brent Berlin àti Paul Kay tẹ ìwé kan jáde, níbi tí wọ́n ti sọ pé bí èdè kan bá ní orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ni wọn yóò jẹ́. Mẹ́ta náà ni Yorùbá dì mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń rò pé àìní ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá gbé ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀, ó sì ń pò ó: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri, dúdú bí kóró iṣin, funfun báláú, àwọ̀ ojú ọ̀run. Ohun tí ayàwòrán ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe nìyẹn.

Mo dán an wò nílé. Mo pò dúdú mọ́ ìyeyè, àwọ̀ ewé ni ó jáde! Mo sì rántí pé ewéko tí ara rẹ̀ le dáadáa, dúdú ni àwọn àgbẹ̀ wa ń pè é.

Owó tí a bá rí gbà sílẹ̀, kí a fi ra ọ̀dà tí ó dára. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ àti ohun kan tí ó dà bí oje rọ́bà ni wọ́n pò pọ̀ di akirílíìkì. Nínú èyí tí ó pọ̀ jọjọ, lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ kò tó nǹkan. Bí ọmọ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, abẹ́ rẹ̀ yóò ṣì máa hàn, ọmọ náà yóò sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára.

Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó: pẹlẹbẹ ńlá kan, pẹlẹbẹ kékeré kan, àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan. Kí irun wọn jẹ́ ti ọ̀rá, nítorí irun ẹran máa ń rọ̀ jù nínú omi. Ọ̀dà yìí máa ń yára gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ó bá sì ti gbẹ, omi kò lè ṣí i mọ́. Nítorí náà, agolo omi méjì, ọṣẹ àti àkísà ṣe pàtàkì ju búrọ́ọ̀ṣì kẹrin lọ. Àwo pẹrẹsẹ àtijọ́ ni kí wọ́n máa pò ó lé. Pákó háádìbọ́ọ̀dù tí a fi ọ̀dà funfun kùn lẹ́ẹ̀mejì yóò rọ́pò kánfáàsì fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní Òṣogbo, ní ẹgbẹ́ Mbari Mbayo tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1962, ọ̀dà ara ògiri àti háádìbọ́ọ̀dù wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier darí níbẹ̀ ní 1964 ni Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh ti gbòde. N kò sọ pé ọ̀dà ògiri dára tó akirílíìkì o. Mo ń sọ pé kì í ṣe gígùn àkójọ ni ó sọ wọ́n di ẹni ńlá.

Ẹnìkan lè ní àpótí aláwọ̀ púpọ̀ máa ń dùn mọ́ ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fúnra rẹ̀ pò àwọ̀ àgbálùmọ̀ kò ní gbàgbé bí ó ṣe rí i.

Ọ̀rẹ́ mi gba márùn-ún, ó sì fi àwọ̀ ilẹ̀ kan kún un. N kò bá a jiyàn, òun ni ó ni iṣẹ́. Ìtumọ̀ mi sì wọ ojú ìwé kan ṣoṣo.