Ọ̀run Ń Ya Bọ̀: Ibi tí Òwe Yìí Kò Dé ní Ayétòrò

Bí ìyọnu bá kárí ayé, òwe kan máa ń tètè bọ́ sí wa lẹ́nu: ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. A pa á nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ní 2020. À ń pa á nígbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n. Ìtùnú ni àwọn àgbà fi sínú rẹ̀, pé ohun tó bá dé bá tọmọdé tàgbà, kí ẹnìkan má ṣe sunkún bí ẹni pé orí tirẹ̀ nìkan ló burú. Òwe rere ni, àmọ́ ó níbi tí wọ́n ti ń pa á. Létí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ti ń pa á síbi tí kò yẹ, odindi ìlú kan, Ayétòrò, sì ń wọ omi lọ lójú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òwe náà bó ṣe wà. Ṣé ọ̀run lè ya lulẹ̀ lóòótọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àpáta kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá já láti ojú sánmà, ó balẹ̀ síbi tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Eruku rẹ̀ bo oòrùn, àwọn ẹranko ràbàtà tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀ sì run. Ní 1815, òkè oníná Tambora bú gbàmù ní Indonéṣíà, èéfín rẹ̀ sì mú kí òtútù pa irè oko ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tó bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó pa nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn káàkiri ayé. Ẹkún pọ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, wọ́n gbin iṣu lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ná ọjà, wọ́n sọmọ lórúkọ. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ọmọ ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ fún ohun tó lé ní 200,000 ọdún. Bó bá jẹ́ pé lemọ́lemọ́ ni ọ̀run ń ya lulẹ̀ tí ó ń pa ìran run, a kò bá tí dé ibi tí a dé yìí. Ìrònú yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò wọn lé. Toby Ord, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Oxford, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Precipice, ní 2020 pé bí a bá kó gbogbo àjálù àdáyébá pọ̀, àti àpáta ojú sánmà, àti òkè oníná, àti ìràwọ̀ tó bú, ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000 ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi òpin sí ìrètí ọmọ ènìyàn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ka ewu tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ mọ́ ọn, ó fojú bù ú sí ẹ̀ẹ̀kan nínú 6. Ohun tí ọ̀run lè fi ṣe wá kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń fi ṣe ara wa.

Kódà, èyí tó ti ọ̀run wá pàápàá, àwọn kan kò káwọ́ gbera máa wò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1986, afẹ́fẹ́ olóró tú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Nyos ní Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,700. Nígbà tó di 2001, wọ́n ti ri páìpù sínú adágún náà kí afẹ́fẹ́ ọ̀hún lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu àpáta kan tí ń jẹ́ Dimorphos lójú sánmà lọ́hùn-ún, ipa ọ̀nà rẹ̀ sì yí padà. Àpáta náà kò wulẹ̀ dojú kọ wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn lè tì í ni.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí Ayétòrò. Ní oṣù kìn-ín-ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ti jìyà nítorí ẹ̀sìn wọn tẹ ìlú yìí dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Wọ́n kan ilé pákó sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ná: ohun tí apẹja rí àti ohun tí ahunṣọ rí, inú àpò ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Kò pẹ́ tí iná mànàmáná fi ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń hun aṣọ. Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé láti Kánádà, wá gbé láàárín wọn, ó sì kọ odindi ìwé lé wọn lórí ní 1977. Ọ̀làjú tí àwọn Ìlàjẹ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nìyẹn. Wọn kò dúró de ìjọba kankan.

Lónìí, òkun ti gbé ilé ìjọsìn, ó ti gbé ilé iṣẹ́, ó sì ti gbé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀mọ̀wé Olusegun Dada ti Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ yẹ àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú wò láti 1990, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ilẹ̀ ìlú náà ti wọ omi. Ẹni tí omi bá lé á tú pákó ilé rẹ̀, á lọ tún un kàn sẹ́yìn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, omi á tún bá a níbẹ̀.

Ta ló fa èyí? Ilẹ̀ Ìlàjẹ kì í ṣe iyanrìn bíi ti etí òkun Èkó. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n èéfín iléeṣẹ́ àti ti ọkọ̀ káàkiri ayé ti mú kí ayé gbóná, òkun sì ti fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga ju bó ṣe wà ní 1900 lọ. Àwọn iléeṣẹ́ elépo la ọ̀nà omi gba inú irà kọjá; omi iyọ̀ bá ibẹ̀ wọlé, ó pa igbó tó ń mu omi aládùn ní agbègbè Awoye. Igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ mú ń dínkù. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí òkun náà jáde, owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà náírà ni wọ́n dá lé e. Wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn lẹ́yìn náà. Òkun kò rí ògiri kankan bá pàdé ní Ayétòrò títí di òní.

Bẹ́ẹ̀, òkun yìí kan náà ló ń ya wọ ìgboro ní Bar Beach ní Èkó nígbà kan. Wọ́n kó òkúta àti kọnkéré dí i, wọ́n sì ń kọ́ Eko Atlantic sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Òkun kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olówó àti apẹja. Àwa la mọ̀ ọ́n.

Ìdí rèé tí mo fi ní a ṣi òwe pa. Ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, tó sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀, la pa á fún. Ọ̀rọ̀ Ayétòrò ní ọwọ́ nínú, kò sì kárí. Àwọn tí ọ̀run jọ ya lù ló lè fi òwe yìí tu ara wọn nínú. Ẹni tó jókòó sínú ilé gbígbẹ ní Àkúrẹ́ tàbí Abuja kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á fún ẹni tí omi dé ọrùn. Ìtùnú lẹ́nu ẹni tó yẹ kó gbà wá sílẹ̀, ẹ̀tàn ni.

Iṣẹ́ ló kù. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ ṣírò owó tó ti bá iṣẹ́ náà lọ fún gbogbo ayé gbọ́. Kí wọ́n gbé ìdènà tó bá ẹrẹ̀ mu kalẹ̀, kí wọ́n gbin ẹ̀gbà padà, kí àwọn iléeṣẹ́ elépo sì san tiwọn nínú rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí wọ́n ṣí kúrò, kí wọ́n ṣí ìlú náà pọ̀, tọba tìjòyè, ilé ìjọsìn àti ibi ìkankọ̀, torí àjọṣe ló kọ́ Ayétòrò. Ẹni tó bá fọ́n wọn ká ti parí iṣẹ́ tí òkun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù pé ọ̀run á já lé gbogbo ayé lórí lọ́jọ́ kan kò yẹ kó gba oorun lójú wa. Ìlú kan tí à ń wò níran títí tó fi ń rì, ìyẹn ló yẹ kó gbà á.