Ojú Ìsopọ̀ Wáyà Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wakọ̀, àti ẹ̀yin rìwáyà tí ẹ jókòó lẹ́bàá títì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Mi ò bá yín jà nítorí ariwo họ́ọ̀nù. Ìjọba Èkó ti gbìyànjú ìyẹn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2014, tí wọ́n ní kí awakọ̀ má fọn fèrè fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ mọ bí Èkó ṣe rí títí dòní. Ẹni tí dáńfó já wọ iwájú rẹ̀ ní Òṣòdì, kó tó rántí àdúrà, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí họ́ọ̀nù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà.

Ẹ dé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Gate n'Ìbàdàn. Ọmọkùnrin á ra họ́ọ̀nù onígbín méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀nù Benz, á ná an títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Tó bá wá ku kọnẹ́tọ̀ tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ họ́ọ̀nù, tí owó rẹ̀ ò ju ti ẹ̀kọ àti àkàrà lọ, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn lọ́ ọ pọ̀, kí ẹ fi tépù wé e.” Rìwáyà á fi eyín bó wáyà, á lọ́ ọ, á wé e. Họ́ọ̀nù á ké, kálukú á gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Họ́ọ̀nù kékeré tó bá ọkọ̀ wá kì í sábà mu ju nǹkan bí amp 5 lọ. Onígbín méjì lè mu 10. Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ké lè mu 15 sí 20. Wáyà tín-ín-rín àtijọ́ ni ẹ wá ní kó gbé gbogbo rẹ̀. Fíúsì á jó, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ẹlòmíràn á yọ ọ́, á ki bébà fàdákà inú páálí sìgá bọ̀ ọ́! Ẹ sì rántí pé họ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gba iná bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Wáyà tó bó lè jó ọkọ̀ yín lóru, nínú ọgbà ilé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ojú ibi tí wáyà ti pàdé ló ń gbóná jù. Bí ó bá dẹ̀, tí omi òjò sì wọ̀ ọ́, bàbà á dípẹtà, iná ò ní rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Bí ìdènà ibẹ̀ bá tó ìdajì ohm péré, tí amp 10 ń gba ibẹ̀, volt 5 nínú 12 ti sọnù, ooru watt 50 ló sì ń jáde lójú kan náà. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀nù tuntun fi ń ké bí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn lẹ́yìn òjò méjì, tí ẹ ó wá máa bú ẹni tó tà á.

Ẹ wo ẹ̀yìn họ́ọ̀nù kí ẹ tó ra kọnẹ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní ahọ́n irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 6.3, abo tó bá a mu ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti 4.8 tí wọ́n á fi píláyà ya ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ ike ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: pupa wà fún wáyà tín-ín-rín, búlúù fún èyí tó sanra díẹ̀, yẹ́lò fún èyí tó sanra jù. Búlúù ló bá onígbín méjì mu. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ fà á wò. Bó bá yọ, kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì tí ooru bá kàn án bò ó.

Ẹ fi rílè sí i, kí wáyà tín-ín-rín àtijọ́ má baà gbé gbogbo iná họ́ọ̀nù. Ẹsẹ̀ 30 á gba iná láti bátìrì, pẹ̀lú fíúsì amp 15 fún onígbín méjì lẹ́bàá bátìrì. 87 á lọ sí họ́ọ̀nù. Wáyà họ́ọ̀nù àtijọ́ á máa pàṣẹ fún 85 àti 86. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà nẹ́gẹ́tífù ti kan bọ́dì, kí ẹ sì dojú ihò họ́ọ̀nù kọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin rìwáyà, oníbàárà á ní òun ò lówó. Ẹ kọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí wáyà yín sì ti wà ní lílọ́ pọ̀ báyìí, ẹ má dúró de òjò: ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, kí ẹ dúró tì í títí tí yóò fi parí.