Ẹ Wo Àsíá Kí Ẹ Tó Bọ́ Sómi

Bí ẹsẹ̀ bá gbé ẹnikẹ́ni nínú yín dé Cancún ní Mẹ́síkò, ìlú afẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1970, ẹ má jẹ́ kí onílé-ìtura kan sọ fún yín pé òun ló ni òkun. Gbogbo ènìyàn ló ni etíkun nílẹ̀ náà. Láti 2020 ni òfin ti ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá dínà rẹ̀.

Playa Delfines ló wù mí jù níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, iyanrìn rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ sì dà bí aró tí a bu omi là. Ṣùgbọ́n ojú agbami ló kọ sí, ìgbì rẹ̀ kì í ṣeré! Ẹ wo àsíá: bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ wẹ̀, bí ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ ṣọ́ra, bí ó pupa, ewu ń bẹ, bí ó dúdú, ẹ má tilẹ̀ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí omi bá ń wọ́ yín lọ sí agbami, ẹ má bá a jà. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa tọ etíkun lọ, títí yóò fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó kọjú sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀, kí ó jókòó sórí iyanrìn, kí ó máa jẹ máńgòrò rẹ̀. Ata àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́ ná!