Ẹ̀sùn Mi Lọ́rùn Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń ba ọwọ́ tíṣà jẹ́ ní Muṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè, mo fẹ̀sùn kàn yín. Ẹni tí kò ṣe é kó má bínú.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ ń bú tíṣà lójú ọmọ. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá tíṣà tó jẹ́ ìyá ọlọ́mọ dúró ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ sì jágbe mọ́ ọn níbi tí gbogbo ọmọ ti tò láàárọ̀. Tó bá wọ kíláàsì, ta ni yóò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu? Ẹ̀rù kò ní jẹ́ kó dán ọ̀nà tuntun wò mọ́. Yóò kọ ẹ̀kọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, ó parí.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ ń buwọ́ lu nóòtì ẹ̀kọ́ láì wọ kíláàsì. Ẹ kò rí ibi tí ìṣirò ti dojú rú mọ́ tíṣà lọ́wọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà?

Ẹ̀sùn kẹta: Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọmọ 35 wà lọ́wọ́ tíṣà kan. Síbẹ̀, kíláàsì tó kún jù lẹ máa ń kó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ sì máa ń fún àyànfẹ́ yín ní èyí tó fúyẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà níbẹ̀, ó wọ́.

Ẹ̀sùn kẹrin, òun ló wúwo jù: ẹ sọ ọ́fíìsì yín di ilé òfófó. Níbi tí olófòófó ti ń gbayì, kò sí tíṣà tó máa sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èyí kò yé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Gbólóhùn yẹn sì ni iṣẹ́ olùkọ́ fi ń dàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ọ̀gá ní SUBEB, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ tiyín: ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan kò sọni di olórí. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń darí èèyàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ rántí ìtàn: ní 1955, nígbà tí Muṣin ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba ẹkùn náà, ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tálákà. Láti 1979, Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó fòpin sí pípín ọmọ sí ilé-ìwé àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà kù sọ́wọ́ yín.

Lọ́la, ẹ dìde nídìí tábìlì. Ẹ wọ kíláàsì kan, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ wò. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ẹ pe tíṣà náà jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ fi ohun tó ṣe dáadáa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.