Omi Ekom-Nkam kò ní yìnyín lẹ́yìn: Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí igbó bá tán?

Ẹni tó bá gbéra ní àdúgbò Ndogbong nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, láti lọ wo omi Ekom-Nkam, yóò wọkọ̀ gba Nkongsamba kọjá sí Melong kó tó fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó. Níbẹ̀ ni odò Nkam ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi 80 mítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya apá kan fíìmù Greystoke, tó jáde lọ́dún 1984.

Òkè Manengouba, tó ga ju 2,400 mítà lọ, kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń fẹsẹ̀ gùn ún láti wo adágún méjì tó wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní akọ àti abo. Àmọ́ apá kan òkè náà wà ní ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí ìjà àwọn tó ń bèèrè òmìnira ti ń ṣọṣẹ́ láti ọdún 2017.

Kí ló ń bọ́ omi náà?

Lórí òkè Rwenzori, ní ààlà Uganda àti Congo, yìnyín tó ń yọ́ wà lára ohun tó ń bọ́ odò. Láàárín ọdún 1906 sí 2003, èyí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín ibẹ̀ ló ti pòórá. Lọ́dún 2022, àjọ UNESCO kìlọ̀ pé yìnyín orí òkè Kilimanjaro àti òkè Kenya lè tán kó tó di ọdún 2050.

Ọ̀rọ̀ Ekom-Nkam yàtọ̀. Bíi ti Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, òjò ló ń bọ́ ọ. Igbó àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń gba òjò náà pamọ́, tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá gé igi tán, àgbàrá yóò gbá ilẹ̀ lọ sínú odò lásìkò òjò, odò yóò sì fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ará Ndogbong pẹ̀lú, nítorí odò Nkam wà lára àwọn tó para pọ̀ di odò Wouri, tó gba Douala kọjá sínú òkun.

Cameroon nìkan kò lè dá ooru ayé tó ń yọ́ yìnyín dúró, àmọ́ ó lè dáàbò bo igbó tirẹ̀. Bí owó tí àlejò ń ná níbẹ̀ bá ń dé ọwọ́ àwọn ará abúlé, wọn yóò rí ìdí láti dá igi sí.